Ọjọ́ 21 tí Kímò Fi Ń Yí Po

Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń fi tépù yí àyà obìnrin ká, tí mo ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Tèmi gan-an ni mi ò yẹ̀ wò. Inú balùwẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bá kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú ọ̀tún, bíi hóró àgbàdo. Kò dùn mí rárá, nítorí pé kò sì dùn mí ni mo ṣe jókòó tì í. Ẹnì kan tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní omi ọmú ló dì síbẹ̀, kí n máa fi aṣọ gbígbóná jó o. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jó o. Kókó tí kò dunni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fò ó.

Ní 2022 tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà ní jẹjẹrẹ ọmú ni. Màá gba kímò, oògùn líle tí wọ́n ń fà síni níṣan láti pa jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, wọn á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn á wá fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ kún un. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ "ẹ̀ẹ̀mẹjọ", etí mi dí. Ìgbà tí mo délé ni mo bi ọkọ mi pé kí ni dókítà tún sọ.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé mo nígboyà. Irọ́ ni. Kàlẹ́ńdà ni mo gbára lé. Ìyá kan tí a jọ jókòó nígbà àkọ́kọ́, tí òun ti ń gba ìkarùn-ún, ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí mi, kímò dà bí ọjà ọrọọrún. Ó lọ́jọ́ tó ń kún, ó lọ́jọ́ tó ń tú. Ẹ kọ ọjọ́ yín sílẹ̀." Ọjọ́ 21 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo fa ilà 21 sí i, mo ń kọ bí ara ṣe rí lójoojúmọ́. Nígbà tí mo fi gba ìkẹta, mo ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà oko.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n á ti wo ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gbé omi kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á ní kí ẹ padà sílé. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo sunkún nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, àwọn èrò ọkọ̀ rò pé òkú ni mo ń sun. Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọjọ́ báyìí ni màá parí. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, oògùn kan wà tó pupa. Doxorubicin ni orúkọ rẹ̀, àwa ń pè é ní zóbò. Bí ẹ bá tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ̀ yín á pupa, àwọ̀ oògùn lásán ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo sì ké débi pé ọkọ mi fẹ́ já ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́ kejì, oògùn tí wọ́n fún mi nítorí èébì gbé agbára òdì wọ̀ mí. Mo fọ kọ́tìnì, mo fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí, mi ò sùn mọ́jú. Agbára àyálò ni. Ọjọ́ kẹta ló ń wá gba owó rẹ̀, tèlé-tèlé.

Láti ọjọ́ kẹta dé ìkẹfà, ẹ má retí nǹkan kan lọ́wọ́ ara yín. Òórùn ata díndín nìkan tó láti gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wá rí i pé oúnjẹ tútù kì í rùn: ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àná, ẹyin sísè. Ṣíbí irin dà bí ẹni ń lá kọ́bọ̀, ṣíbí rọ́bà ni mo lò títí mo fi parí. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi tí a ti sè, kí ẹ máa fi yọ ẹnu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, nítorí egbò ẹnu. Oògùn èébì, ẹ lò ó lákòókò tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá dúró kí èébì kọ́kọ́ dé, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọjọ́ 7 sí 14 ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù, ìgbà náà gan-an sì ni ara máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti yá. Kímò ti pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ, àwọn tó ń bá àrùn jà. Mi ò lọ sóde ìyàwó, mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi.

Ìgbà kejì tí mo gbà á, ní ọjọ́ kẹwàá, ara mi gbóná lálẹ́. Ọkọ mi ní ibà ni. Ta ni yóò bá a jiyàn? Nílùú wa, gbogbo ara gbígbóná, ibà ni, a ó ra oògùn ibà, a ó lo parasitamọ́ọ̀lù, a ó sùn. Ó ti ra méjèèjì dé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti kọ 38 sára káàdì mi, ó fi bírò yí i po lẹ́ẹ̀mẹta: bí tẹmómítà bá ti kà á, lọ́sàn-án tàbí lóru, kí n wá. Tiwa kà á ní 38.4. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Èmi tí kì í bá a jiyàn, mo dìde, mo so ìró. Aago mọ́kànlá kọjá kí a tó dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fa oògùn sí mi níṣan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà pe ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó bá a sọ, kò tíì sọ fún mi dòní, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé tẹmómítà lé mi lábíyá láàárọ̀ àti lálẹ́. Tẹmómítà kò wọ́n. Bí ẹ ò bá ní owó fún ohunkóhun mìíràn, ẹ ra ìyẹn.

Ìyá ọkọ mi gbé àgbo ìgò mẹ́ta wá láti abúlé. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo ní "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ó pẹ́ fún wa", mo sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi náà, mi ò lè bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń bá kímò ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mu nǹkan, ẹ sọ fún dókítà, kódà bó máa pariwo.

Ọjọ́ 15 sí 20, tèmi nìyẹn. Mo ń rán aṣọ, mo ń lọ sọ́jà, mo ń jẹ iyán. Inú rẹ̀ náà ni mo fi ẹkún sí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo yan ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti yàrá, mo sunkún tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mò ń sunkún káàkiri, kò sí ìgbà tí mi ò sunkún.

Ti àwọn àlejò ló le jù. Ẹni kan wọlé, kò tíì jókòó tó fi ń kérora bí ẹni wá kí ìdílé olóògbé. Òmíràn bi mí pé ta ni mo ṣẹ̀. Òmíràn ní kí n ronú ẹni tí mo jogún oko lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá fi àbúrò mi obìnrin sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹnu, kò sì ń tijú: "Àǹtí ń sùn. Ẹ bá wa gbé ọbẹ̀ náà sílẹ̀, a dúpẹ́." Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ tó ń béèrè ohun tó lè ṣe, ẹ má sọ pé kí ó máa gbàdúrà nìkan. Ẹ ní kó wá fọ aṣọ ní ọjọ́ kẹrin.

Owó kò ṣeé dákẹ́ lé lórí. Mo lọ bá ìyá alájọ, mo bẹ̀bẹ̀ kí tèmi ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ sì gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa mójú tó owó, kó ní ìwé, kó máa to rìsíìtì. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo èsì àyẹ̀wò, pàápàá èyí tó ń sọ bóyá họ́mónù, èròjà tí ara obìnrin ń ṣe fúnra rẹ̀, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, torí òun ni wọ́n fi ń yan oògùn. Owó ìrànwọ́ kan tún wà tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Cancer Health Fund, fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì kí n tó gbọ́.

Irun lọ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Ọmọ mi obìnrin fá a tán, mo fi àjákù àńkárá rán fìlà, mo fi òwú tẹ́ ẹ nínú. Ìyẹn ò pa mí lára tó bí mo ṣe rò. Ìka ló pa mí lára. Mẹ́rin tó kẹ́yìn, oògùn tó ń jẹ́ Paclitaxel ni, ó máa ń mú kí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kú tipiri. Lọ́jọ́ kan mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé áyọ́ọ̀nù, òórùn ara mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ̀. Mo ti fi ìnira yẹn pa mọ́ fún dókítà kí wọ́n má bàa dá oògùn dúró. Nígbà tí mo sọ, wọ́n kàn dín in kù ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń lọ aṣọ láti ìgbà náà.

Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ọmú náà, wọ́n kó kókó inú abíyá mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mo fi ń yí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n máa fi ìka rìn lára ògiri, kí ọwọ́ lè gòkè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ilà síbi tí mo dé lójoojúmọ́, ògiri ṣọ́ọ̀bù mi dà bí ìwé ìṣirò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ tàbí wọn ìfúnpá níbi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà, nítorí wíwú. Bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé, ẹ fa ọwọ́ yín padà.

Ọkọ mi kò wo ojú ọgbẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ń wo ògiri bí mo bá ń paṣọ dà. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé tépù fún un, mo ní kó bá mi wọn àyà, mo fẹ́ rán búláòsì, ọwọ́ mi ò sì yí i dé. Ó wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n lódì, ó fi sẹ́ntímítà kà á bí íńṣì, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ojú abẹ dùn mí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́wọ́ lé e.

Ìtànṣán ní Ìbàdàn, ọjọ́ 15, Ajé sí Ẹtì. Ilé àbúrò ọkọ mi ni mo wọ̀ sí. Ní báyìí, hóró tamoxifen, oògùn tí kì í jẹ́ kí họ́mónù bọ́ jẹjẹrẹ, kan lójúmọ́ fún ọdún pípẹ́, pẹ̀lú ooru tó ń dìde láti àtàǹpàkò bí iná ìdáná.

Ó ku ti ọmú àtọwọ́dá. Èyí tí wọ́n ń tà kọjá agbára mi, mo sì ronú pé aránṣọ ni mí. Òwú nìkan fúyẹ́ jù, ó ń gòkè wá sọ́rùn bí mo bá gbé ọwọ́. Mo wá fi ọkà bàbà ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú àpò kékeré kan láàárín òwú náà, ó wúwo bí èkejì rẹ̀, ó sì jókòó. Ọjọ́ ìsìnmi kan ni mo ń jó lọ síbi ọrẹ tí mo rí i pé kòkòrò ọkà ń rìn jáde láti ọrùn léèsì mi. Ìyá tó wà lẹ́yìn mi fi hánkà gbọ̀n ọ́n, kò sọ nǹkan kan. Ẹ yan ọkà náà dáadáa kí ẹ tó rán an.