Ibi tí Owó Oko ń Bọ́ sí ní Ìgbèríko

Bí a bá ń ka àǹfààní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀sìn ẹran, oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, wọn kò sì ṣìsọ. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń jẹ mí lógún jù ni ọwọ́ tí owó àgbẹ̀ ń bọ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ̀ bóyá ìgbèríko yóò gbèrú tàbí yóò tú.

Ẹ wo ẹni tó ń sin màlúù. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni abo màlúù fi ń lóyún, abo ọmọ tó bá sì bí yóò tó nǹkan bí ọdún méjì kí òun náà tó bí àkọ́bí rẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo àkókò tí owó kò tíì wọlé yìí, owó kò yéé jáde lọ́wọ́ ọlọ́sìn, nítorí pé dókítà ẹranko, ẹni tó ń lọ oúnjẹ ẹran àti mẹkáníìkì tó ń tún katakata ṣe ni yóò gba tiwọn. Lọ́jọ́ tí ẹran bá dé ọjà, awakọ̀, alápatà àti oníṣẹ́ awọ náà yóò rí tiwọn níbẹ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀dá kì í fi í ṣe wàhálà àgbẹ̀ nìkan: katakata tó bàjẹ́ yóò wà nílẹ̀ láìtúnṣe, ẹni tó tajà àwìn kò ní rí gbèsè rẹ̀ gbà, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ìlú ńlá.

Ní àwọn ọdún 1940, Walter Goldschmidt, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, fara balẹ̀ wo ìlú kékeré méjì ní California ní Amẹ́ríkà. Iye tí irè oko wọn ń pa wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n oko ńláńlá ló yí Arvin ká, nígbà tí oko ìdílé tí kò tóbi yí Dinuba ká. Ilé okòwò 62 ló wà ní Dinuba. 35 péré ló wà ní Arvin. Dinuba ló tún ní ilé-ẹ̀kọ́ jù. Ẹni tó ni oko tó sì ń gbé ìtòsí rẹ̀ yóò ra ohun tó nílò ní àdúgbò, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ará ìlú bá ti jẹ́ alágbàṣe tí owó iṣẹ́ wọn kéré, èrè gidi yóò bá olóko lọ sí ibòmíràn.

Nítorí náà, n kò gbà pé kí a máa fi iye tọ́ọ̀nù irè oko nìkan díwọ̀n ọrọ̀ ìgbèríko. Wàrà tètè ń bàjẹ́. Bí ilé iṣẹ́ tó ń sè é tó sì ń dì í bá wà nítòsí, ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí ẹran rárá yóò rí iṣẹ́ olówó oṣù ṣe níbẹ̀, aránṣọ àti oníṣòwò àdúgbò yóò sì pín nínú owó náà. Iná mànàmáná àti ọ̀nà ọkọ̀ ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ nílò, àwọn méjèèjì sì ni mo fẹ́ kí ìjọba fi ṣáájú nínú ètò ìnáwó ìgbèríko.