Ìwé Ìdìbò Méjì Lórí Tábìlì Wa

Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí ní Òṣogbo, ìbò kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni bàbá wa àgbà ń ṣe láti ayé Awólọ́wọ̀. Bí ìdìbò bá ti ku ọ̀la, àwọn àgbà a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a sọ ibi tí agboolé ń lọ, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2013, n kò mọ̀ pé mo di àṣà yìí mọ́ ẹrù mi.

Òfin Ìlú Ọba gba ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú láàyè láti dìbò yan aṣòfin, nítorí pé a wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tiwa kò tíì jẹ́ kí àwa tí a wà lókè òkun dìbò láti ibi tí a wà. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò wá sọ fún yín. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kété tí ẹ bá ti ní ibùgbé. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé tó ní àwòrán ní ibùdó ìdìbò ní England, wọ́n sì ń gba ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé wa, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú inú rẹ̀ bá ṣáà ṣì jọ tiyín.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015 tí mo kọ́kọ́ dìbò níbí, mo ti ra oúnjẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ọjọ́rú bí ẹni tí wọn yóò sé mọ́lé. Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ọkọ̀ ń lọ, ọjà ṣí, kálukú gba ibi iṣẹ́ lọ. Wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi okùn so, mo fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì fi yíǹkì kan mi lọ́wọ́. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ mo padà lọ láti wo bí wọn yóò ṣe ka ìbò, ni wọ́n bá di àpótí pa, wọ́n gbé e sọ́kọ̀, wọ́n lọ. Mo rántí ìdìbò Ààrẹ ọdún 2011 ní Òṣogbo, tí a yí àpótí ká, tí òṣìṣẹ́ ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè, tí gbogbo wa ń kà á lóhùn rara: ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ti èyí, tiwa ni mo fẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ti àṣírí, tiwọn ló dára. Nílé, nígbà tí “dìbò kóo sebẹ̀” gbòde, ẹlòmíràn a ká ìwé rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó sanwó yóò fi rí ìka tó tẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi lọ́nà tèmi. Nígbà tí ìdìbò oṣù kejìlá ọdún 2019 ń bọ̀, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nítorí náà èmi àti ìyàwó mi béèrè fún ìwé tí a óò fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àpòòwé méjèèjì dé, mo tú wọn sórí tábìlì, mo mú bírò.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ìwé ta lẹ mú yẹn?”

Mo ní ṣebí ibì kan náà là ń lọ.

Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin aṣáájú ìjọ pàápàá, ẹ má kó ìwé ìdìbò ẹlòmíràn jọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ènìyàn fi àmì sí ìwé ẹni tí kò yàn án ní aṣojú. Olúkúlùkù ni yóò buwọ́ lùwé, tí yóò sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọn yóò sì fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi mú tirẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fúnra rẹ̀ lọ jù ú sínú àpótí pupa tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó dìbò fún.