Níbo ni ẹ̀gbin ń lọ? RV ní Tok, Alaska, àti sọ́kawéè ilé wa

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó forí jì wá, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tok ni ìlú tí a fẹ́ fi wé ilé. Ìlú kékeré ni ní Alaska, níhà àríwá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ bíi 1,200. Ẹni tó bá gba Alaska Highway wọlé láti Kánádà, òun ni ìlú gidi àkọ́kọ́ tó máa bá, bíi máìlì 90 sí ibodè. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀kan forí lé Fairbanks, èkejì forí lé Anchorage. Nítorí náà, nígbà ooru, RV kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Táńkì ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ wọn á ti kún kí wọ́n tó dé, torí pé níbi ìpàgọ́ ìjọba ní Yukon, ní apá Kánádà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tú táńkì. Ṣálángá ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣálángá, ní Kánádà.

Nílé, bí ènìyàn bá ti da omi sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó di ọjọ́ tí sọ́kawéè bá kún, tí òórùn gba gbogbo àgbàlá, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nínú RV, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ní gbogbo ìrìn àjò, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa fọwọ́ ara rẹ tú u jáde. Olówó àti tálákà, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, kò sí ẹni tí wọ́n ń bá ṣe é.

RV tí wọ́n ń háyà fún ìdílé sábà máa ń ní táńkì mẹ́ta. Ti omi mímọ́ ń gbà tó 40 gálọ̀nù, ti omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ń gbà 30 sí 40, ti ìgbọ̀nsẹ̀ bíi 30. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà kan kò tó lítà mẹ́rin, lítà 3.8 ni, nítorí náà táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó kún jẹ́ nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè kún un láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ti omi ìwẹ̀ ló máa ń yára kún jù, nítorí ṣáwà. Níbí ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí kò mọ̀ pé òun ní: ẹni tó ti fi ààbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ dàgbà mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ara, tí wọ́n á ti omi pa, tí wọ́n á fi ọṣẹ para, tí wọ́n á sì ṣan án. Lítà mẹ́wàá tó o. Ṣáwà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè jẹ ju ìlọ́po márùn-ún ìyẹn lọ.

Ní àwọn ìlú ojú ọ̀nà yìí, ibi ìtú táńkì máa ń wà ní ilé epo tàbí ní ọgbà tí àwọn RV ń sùn sí. Àwọn kan ń gba owó. Àwọn kan ń fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ra epo lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ kọnkéré ni, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ síhà ihò kan tó ní ìdérí, ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ènìyàn kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kó gbé ọkọ̀ sún mọ́ ihò débi tí ẹnu páìpù ìdọ̀tí, tó sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, á fi kọjú sí i. Fáàfù méjì ló wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fà kí ìdọ̀tí lè jáde, tí wọ́n ń tì wọlé kó lè dúró: ọ̀kan fún táńkì ìgbọ̀nsẹ̀, èkejì fún ti omi ìwẹ̀. Kó tì wọ́n wò bóyá wọ́n ti wọlé dáadáa kó tó ṣí ìdérí ẹnu páìpù, kó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Fáàfù tó ti gbó máa ń jò, ohun tó bá jò á sì dúró sẹ́yìn ìdérí de ẹni tó máa ṣí i. Ẹnu páìpù náà fẹ̀ tó ínǹṣì 3. Orí rọ́bà ìdọ̀tí ní ìkọ́ tó máa ń há mọ́ ọn. Kí wọ́n yí i títí tó fi máa le, kí wọ́n wá fà á wò. Ẹnu kejì á wọ inú ihò, kí nǹkan tó wúwo sì wà lórí rẹ̀, nítorí bí ẹrù bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà máa ń ta jáde nínú ihò. A ò gbọdọ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún ẹni tó ń jẹun.

Táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Kí wọ́n fa fáàfù rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, torí agbára tí omi fi ń ya ló ń kó èyí tó nípọn lọ. Bí ìró rẹ̀ bá ti dákẹ́, kí wọ́n tì í, kí wọ́n wá ṣí ti omi ìwẹ̀. Omi ọṣẹ yìí ló máa fọ rọ́bà. Ẹni tó bá yí i padà, rọ́bà ẹlẹ́gbin ló máa ká wọ ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti méjèèjì, kí wọ́n já rọ́bà kúrò lára ọkọ̀, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, kí wọ́n máa rìn lọ síhà ihò kí ìyókù lè ṣàn wọlé, kí wọ́n wá fi omi ẹ̀rọ yẹn ṣan rọ́bà àti ilẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n da gálọ̀nù omi méjì sí mẹ́ta padà sínú táńkì ìgbọ̀nsẹ̀, pẹ̀lú oògùn rẹ̀ tó ń pa òórùn. Táńkì gbígbẹ kì í dára. Ohun tó bá kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò sì ní kúrò.

Ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ti fífọ nìkan ni. Àkọlé wà lára rẹ̀ pé kò ṣeé mu. Omi mímu máa ń wà níbòmíràn, rọ́bà rẹ̀ sì máa ń jẹ́ funfun. Ibi tí a ò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré rèé: kí rọ́bà ìfọ̀ má ṣe kan ẹnu táńkì omi mímọ́ láé, kí ọwọ́ tó di rọ́bà ìdọ̀tí mú má sì bu omi mímu láìtíì fọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣáájú rẹ lè ti ki ẹnu rọ́bà ìfọ̀ yẹn bọ inú páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni tuntun ni ti fáàfù tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ọgbà RV kan á gbà kí wọ́n so rọ́bà mọ́ ihò tọ̀sán-tòru, ènìyàn á wá rò pé kí òun kúkú ṣí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣàn fúnra rẹ̀. Omi nìkan ló máa ṣàn. Èyí tó le á máa jókòó lé ara wọn lábẹ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì bí òkìtì ọ̀gán, á sì gbẹ. Kí wọ́n tì í pa títí tó bá fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó kéré tán. Bí òkìtì bá ti wà níbẹ̀ ná, kí wọ́n rọ omi kún táńkì, kó sùn mọ́jú, kí wọ́n wakọ̀ díẹ̀ kó lè máa mì, kí wọ́n wá tú u. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ti bébà náà ń kọ́? Kí wọ́n ra èyí tó ń tètè yọ́. Bébà olómi tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ kì í yọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Iná tó ń fi ìwọ̀n táńkì hàn náà máa ń parọ́, torí bébà ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ nínú táńkì. Ọ̀nà láàárín ibodè àti Tok sì tún wà: ilẹ̀ ibẹ̀ ń wú, ó ń rì nítorí yìnyín abẹ́ ilẹ̀, gbágungbàgun rẹ̀ sì ń tú ìdè páìpù. Kí wọ́n bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó sún mọ́ ihò.

Tok kò ní páìpù ìdọ̀tí tó gba gbogbo ìlú kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ibẹ̀ ló ní kànga tiwọn àti sẹ́pítíìkì tiwọn, gẹ́gẹ́ bí ilé Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú. Ibi tí Amẹ́ríkà àti ilé wa ti jọra jù nìyí, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn sì ti hàn jù.

Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́pítíìkì. Àwọn ló ń jẹ ẹ̀gbin dà nù. Oògùn táńkì RV kan wà tó ní formaldehyde nínú. Ó ń pa òórùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn kòkòrò yìí pẹ̀lú. RV kan kò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, àmọ́ bí ogún bá tú tiwọn sínú sẹ́pítíìkì ilé epo kékeré kan lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ á dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ ọ́ sára pátákó pé kí wọ́n má lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Nílé, Izal àti bílíìṣì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ilé tí wọ́n ti ń da bílíìṣì sí tọ́lẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ kí ó lè "mọ́", sọ́kawéè rẹ̀ á tètè kún, wọ́n á sì máa bú bírìkìlà.

Alaska sọ pé kí kànga ilé àti sẹ́pítíìkì fi ẹsẹ̀ bàtà 100 jìnnà síra. Ó jẹ́ bíi mítà 30, ohun kan náà tí ẹni tó mọṣẹ́ kànga á sọ fún ọ ní Nàìjíríà. Òfin kò yàtọ̀. Ilẹ̀ ló yàtọ̀. Púlọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn. Bó o bá gbé bọ́họ́ọ̀lù síwájú ilé, tó o gbẹ́ sọ́kawéè sẹ́yìn pátápátá, agbára káká lo fi máa rí 100. Aládùúgbò rẹ ti ẹ̀yìn wá gbé bọ́họ́ọ̀lù tirẹ̀ síbi tí sọ́kawéè rẹ wà gan-an, ògiri nìkan ló là yín. Kí onílé àti aládùúgbò tó gbẹ́ ohunkóhun, ó yẹ kí wọ́n jọ dúró sórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ní Ajah àti Lẹ́kí, níbi tí omi kò jìnnà sílẹ̀, ó tún burú sí i: bí òjò bá ti rọ̀ tẹ̀lé ara, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń wọ sọ́kawéè, kì í ṣe omi sọ́kawéè ló ń wọ ilẹ̀. Wọ́n fa á lónìí, ó kún lọ́la.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ní Èkó àtijọ́, agbépóò ló ń kó o, lóru, pẹ̀lú garawa lórí, àwọn ènìyàn sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fa sọ́kawéè ló rọ́pò rẹ̀, ojú yẹn kò sì tíì kúrò. Tí ọkọ̀ náà bá dé, iye owó là ń bi í. Kì í sí ẹni tó ń bi awakọ̀ pé níbo ló ń gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tú u sínú ọ̀sà ní Ìddó, ọ̀sà tí a ti ń pa ẹja. Ohun mìíràn tó ń dùn wá gidigidi ni ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń ní kí wọ́n wọ inú sọ́kawéè lọ fi ṣọ́bìrì kó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró wà níbẹ̀. Ẹni tó wọlé á dákú kó tó pariwo, ẹni tó bá fò wọlé láti yọ ọ́ á dákú lé e. Kò sí iye owó tó tó ìyẹn. Rọ́bà ni kó wọ inú rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn.

Ọkọ̀ tó ń fa sẹ́pítíìkì wà ní ilẹ̀ Alaska náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n sábà ń pè é wá sí ilé kan. Àmọ́ òtútù ló ń yan ọjọ́. Ní Tok, ó lè tutù dé 40 lábẹ́ òdo, níbi tí òṣùwọ̀n Celsius àti ti Fahrenheit ti bára wọn dọ́gba. Ilẹ̀ á le bí òkúta, ìdérí sẹ́pítíìkì á wà lábẹ́ yìnyín, nítorí náà ẹni tó gbọ́n á ti ri igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ibi ìtú táńkì náà máa ń tì. Ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni kí ènìyàn fọkàn sí, lẹ́yìn náà wọ́n á ti omi pa kí páìpù má baà bẹ́.

Ẹni tó bá ní RV tirẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tú táńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó di pé wọ́n tì í. Kó jẹ́ kí omi inú ẹ̀rọ tó ń gbóná omi jò tán, kó yí fáàfù tó máa jẹ́ kí omi yà á sílẹ̀, kó wá fi pọ́ǹpù fa oògùn aláwọ̀ píǹkì, èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe, títí ó fi máa jáde láwọ̀ píǹkì lẹ́nu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ti gbígbóná àti ti tútù. Gálọ̀nù méjì sí mẹ́ta tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kó da ife kan sí ojú ihò síńkì àti ti ibi ìwẹ̀, kó da díẹ̀ sínú táńkì ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan kí rọ́bà inú fáàfù má baà dì. Kó má fi èyí tí wọ́n ń rọ sí radiétọ̀ mọ́tò dípò rẹ̀. Májèlé nìyẹn, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì tún máa mu omi láti inú páìpù yẹn.