Má tíì kọ 0.1 M sára ìgò NaOH rẹ

NaOH (sodium hydroxide) máa ń fa omi àti CO2 láti inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, 4 g tí o wọ̀n sínú lítà kan kó lè jẹ́ 0.1 M (M ni iye móòlù nínú lítà kan) kì í pé. KHP (potassium hydrogen phthalate, ásíìdì líle tó mọ́ gan-an) ni kí o fi yẹ agbára NaOH náà wò: gbẹ KHP ní 110°C fún wákàtí 2, jẹ́ kó tutù nínú desiccator (ohun èlò tí ọ̀rinrin kì í wọ̀), wọn 0.5105 g, kí o pò ó mọ́ omi 50 mL títí yóò fi yọ́. Kán phenolphthalein (àwọ̀ tó máa ń di pupa bí NaOH bá ti borí ásíìdì) ẹ̀kán méjì sí i, kí o wá máa da NaOH sí i díẹ̀díẹ̀ láti inú burette (ọ̀pá gíláàsì tó ní àmì ìwọ̀n lára). Bí NaOH bá jẹ́ 0.1 M gan-an, 25.00 mL ni yóò lọ. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ló tó. Bó bá pọ́n bíi sobo, o ti kọjá ààlà, tún un ṣe.

Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ lé afẹ́fẹ́ tó há sẹ́nu burette jáde. Bó bá jáde láàárín iṣẹ́, o máa ka á mọ́ NaOH, agbára rẹ̀ á sì dà bíi pé ó kéré.