Ohun tí Genesis kọ́ mi nípa pípadà sórí ìtàgé lẹ́yìn àìsàn

Bí olórin bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tó sì ń gbádùn bọ̀, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń wí fún un ni pé kó rọra. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ èyí tó kàn? Tí ara bá ti gbéra, tí ọkàn ẹni sì ti ń fà sí ìtàgé, báwo lèèyàn ṣe máa tún iṣẹ́ tò kí ara tó ṣẹ́ kù lè gbé e? Gìtá béèsì ni mò ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní London. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí, ọwọ́ òsì mi ló sì bá jà jù, ọwọ́ tí mo fi ń tẹ okùn. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Genesis ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó wà nírú ipò yìí gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Phil Collins láti orí rédíò nílé, ohùn rẹ̀ nìkan la sì mọ̀. Onílù ni kó tó di akọrin. Ọdún 1970 ló wọ Genesis, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ iléèwé Charterhouse ní Surrey dá sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí Peter Gabriel tó ń kọrin fún wọn kúrò ní 1975, Collins gba orin mọ́ ìlù. Progressive rock ni wọ́n ń pe irú orin tiwọn: orin kan lè gbà ju 20 ìṣẹ́jú lọ, ìlù á máa yí padà nínú rẹ̀, wọ́n á máa ka méje tàbí mẹ́sàn-án níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń ka mẹ́rin. Irú orin yìí kì í fojú àánú wo ara tó ti rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń rìnrìn àjò orin ní 2007 ni egungun ọrùn Collins yẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2009, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló tún kan ẹ̀yìn, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pẹ̀lú sì kú tipiri. Ní oṣù Kẹta 2020, Genesis kéde pé àwọn ń padà bọ̀, Kòrónà sì dá wọn dúró. Ó di 20 oṣù Kẹsàn-án 2021 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ní Birmingham. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, Collins sọ ọ́ lórí BBC láìfi bò pé agbára káká lòun fi ń di ọ̀pá ìlù mú. Onílù tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti mọ ohun tó ń lọ wò.

Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Kí n tó gbé béèsì kọ́rùn, mo na ọwọ́ òsì síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo ní kí wọ́n wo ìka méjì tó kẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Gbogbo wọn ló rí i. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń wò mí ní ìwò ìkọ̀kọ̀ mọ́ tí mo bá ń tẹ okùn.

Oṣù Kẹta 2022 ni mo lọ wò wọ́n ní gbọ̀ngàn O2 ní London. Ọ̀pá ni Collins fi rìn wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìdí àga tí wọ́n gbé sí àárín gbùngbùn ìtàgé. Gbogbo wa rí i bó ṣe ń bọ̀. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ló fi ń ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀: ó ń fajú ro, ó ń wojú wa, ó rẹ́rìn-ín burúkú kan báyìí tí ara mi fi gbọ̀n rìrì. Nicholas ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ 20 ọdún. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kì í sì í ṣe ojúsàájú: láti ìrìn àjò orin tí bàbá rẹ̀ ṣe ní 2017 ni ọmọ yìí ti ń lùlù fún un, ó sì lu àwọn ìlù tó le koko yẹn ní àlùyé. Nínú ìran Àyàn nílé, ta ló máa ka irú èyí sí ìtìjú, pé bàbá jókòó, ọmọ gba kọ̀ǹgọ́?

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ, etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹni 71 ọdún ni Collins nígbà náà, ohùn rẹ̀ kò lè gun ibi tó ń gùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé kíì àwọn orin náà, ìyẹn ìpele ohùn tí wọ́n fi ń kọ wọ́n, wálẹ̀, wọ́n sì mú akọrin méjì wá láti máa gbè é, ohun tí Genesis kò ṣe rí. Orin náà ṣókùnkùn díẹ̀ sí i, ó sì wúwo sí i. Lójú tèmi, ó bá ọjọ́ orí wọn mu ju ti àtijọ́ lọ.

Mo délé, mo ronú kan béèsì. Béèsì olókùn mẹ́rin, E, A, D àti G ni okùn rẹ̀ ń ké téèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́. Tí orin bá wà ní A tàbí D, ọwọ́ ọ̀tún á fa okùn lásán, ọwọ́ òsì á sì rí ìsinmi gbogbo ìgbà tí orin bá padà sílé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ E-flat, tó fi díẹ̀ ga ju D lọ, títẹ̀ ṣáá ni. Ẹgbẹ́ wa sì fẹ́ràn E-flat. Mo lọ bá ọ̀gá wa tó ń kọrin, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ ní D?" Wọ́n kọ ọ́ wò jẹ́jẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀fun àwọn náà ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́.

Mo tún pààrọ̀ okùn sí èyí tó fẹ́lẹ́, mo wá béèsì tí ọrùn rẹ̀ kúrú kí ìka má baà máa nà jìnnà. Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú iṣan yín ní ọsibítù, ẹ gbé gìtá dání lọ. Ó yẹ kí wọ́n rí bí ẹ ṣe ń dì í mú gan-an.

Láàárín eré Genesis, wọ́n fi orin líle sílẹ̀, wọ́n mú gìtá tí kì í lo iná, wọ́n kọ díẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òde tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí jùjú kì í dúró, orin kan ń bọ́ sínú èkejì níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń náwó. Inú orin gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ ti wá ìsinmi. Nígbà tí gángan bá ń ki olówó, béèsì lè dákẹ́ pátápátá, oríkì náà á sì tún hàn kedere sí i.

Mo gbọ́ àwọn tó ní ó ṣeni láàánú láti rí Collins bẹ́ẹ̀, pé ìbá ti jókòó sílé. N kò bá wọn gbà á rárá. Ẹni tó wà lórí àga yẹn ló mọ ohun tó fẹ́ fi ìyókù agbára rẹ̀ ṣe. Tony Banks àti Mike Rutherford, tí wọ́n ti wà nínú Genesis láti ìgbà iléèwé, náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyẹn.

Wọ́n tún mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Ní oṣù Kẹwàá 2021 tí Kòrónà wọ àárín wọn, wọ́n sún eré London síwájú. Ìdí nìyẹn tó fi di oṣù Kẹta kí n tó rí wọn. Ní 26 oṣù Kẹta 2022, wọ́n kọ ti ìkẹyìn, Gabriel sì wà láàárín èrò tó wá wò ó.

Ní tiyín, tí wọ́n bá pè yín sóde, ẹ sọ ọ́ fún olóde kó tó fowó sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé àga tí kò lápá ni mo máa jókòó lé, pé tó bá di aago 11 alẹ́, àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa máa gba béèsì lọ́wọ́ mi, àti pé tí ara bá kọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló máa ta á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá lọ.