Ta ló kọ orin yìí?

Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ṣe ìyàwó l'Ábẹ́òkúta, a jókòó sábẹ́ kánópì, ìrẹsì ti dé, àmàlà ń bọ̀ lẹ́yìn, bí àwọn olórin ṣe mú orin kan sẹ́nu báyìí, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún ìyàwó. Màmá mi náà dìde. Wọ́n jó títí, ìgbà tí wọ́n padà wá jókòó, aṣọ ti rin fún òógùn, wọ́n bi màmá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé, "Orin yìí mà dùn o, ta ló kọ ọ́?" Màmá yẹn dárúkọ olórin tó gbé e jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹni yẹn ló kọ ọ́ lóòótọ́, ohùn ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́. Nílé mi n'Íbàdàn ni, lóru, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ìwé, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyàwó yẹn. ₦30,000 ni mo gbà, mi ò sì gba ìwé àdéhùn kankan.

Mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ìgbà tá a délé ni mo sọ fún màmá mi. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò dárúkọ ẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo wá rí i pé èdè wa fúnra ẹ̀ ti bo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ́lẹ̀. Tí mo bá ní mo kọ lẹ́tà, kọ ni. Tí mo bá ní mo kọ orin, kọ náà ni, ohùn kan náà, àmì kan náà. Tí èèyàn bá wá béèrè pé ta ló kọ orin kan, ẹni tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni wọ́n máa dárúkọ, kò sì sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Láyé àtijọ́ kì í dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹni tó ń sun rárà lójú agbo, òun náà ló ń hun ọ̀rọ̀ ẹ̀, owó tí wọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, tiẹ̀ ni. Èmi kì í dé ojú agbo. Wọ́n á pè mí, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́, màá lọ jókòó, màá wá ọ̀rọ̀, màá wá ohùn, màá gbà á sórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹlòmíì á lọ kọ ọ́ fáyé gbọ́.

Àwọn tó ń gbé irú iṣẹ́ yìí wá pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ṣàyájọ́. Ìyá alágbo tó fẹ́ ìpolówó redíò, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, orúkọ ọjà gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tọ́mọdé máa máa kọ kiri àdúgbò. Àwọn olóṣèlú, ìgbà ìbò 2023 ni mo ṣe tiwọn jù, wọ́n á pè lálẹ́, wọ́n á ní àárọ̀ ọ̀la làwọn fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ olórin ìsinsìnyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ègbè orin wọn jẹ́ Yorùbá. Àti àwọn ará wa tó wà lókè òkun, Houston, Peckham, tí wọ́n fẹ́ orin ọjọ́ ìbí fún òbí wọn nílé.

Ibi tó le jù nínú ẹ̀ kì í ṣe wíwá ọ̀rọ̀ tó dùn o. Ohùn ni. Èdè wa ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń dúró láàárín, orin náà ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, táwọn méjèèjì ò bá ti rìn pọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan gbé bíìtì wá, ó ti fi "là là là" gba ohùn orin sórí ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ nìkan lòun fẹ́, orin ìgbéyàwó. Níbi tó ti fẹ́ kí ìyàwó pe "ọkọ mi", ohùn orin ẹ̀ gòkè fíofío lórí "kọ". Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ́ ló ń jẹ́. Ìyàwó á dúró níwájú pásítọ̀, á máa kí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Mo ní ká gbé e wálẹ̀, a gbé e wálẹ̀ jù, ó di ọkọ̀, ó di mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, kò sí wàhálà, wọ́n á mọ ohun tá a ní lọ́kàn." Mi ò gbà. Ẹni tó gbọ́ èdè máa gbọ́ ọ, ó kàn lè má sọ ni, orin yẹn ò sì ní dé inú ẹ̀ bó ṣe yẹ kó dé. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn yíká níbẹ̀ kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n fi "ọkọ" sílẹ̀ kí n mú "olówó orí mi". Ẹ fẹnu pè é wò: o-ló-wó, ó ń gòkè gẹ́lẹ́ níbi tí bíìtì ti ń gòkè, "orí" náà gbé e dúró lókè, "mi" wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ sáàárín. A ò fọwọ́ kan bíìtì rárá. Ó tún wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìyàwó tó mọyì ọkọ ẹ̀, olówó orí mi ló ń pè é. Òun ni orin tí màmá mi jó sí l'Ábẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn orin Òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà, ìdí nìyẹn tí àwọn orin kan nínú ìwé orin mímọ́ fi ń dún ségesège lẹ́nu wa títí dòní. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀lé ohùn èdè wa kalẹ̀, wọ́n sì lọ kọ ju ogójì lọ nínú ẹ̀ sórí àwo ní London ní 1922. Mo máa ń ronú nípa wọn gan-an. Àwọn ló kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn náà ló fohùn kọ ọ́, tí wọ́n bá béèrè pé ta ló kọ ọ́, orúkọ kan ṣoṣo ló máa jáde.

Orin ọjọ́ ìbí náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Bọ̀dá kan láti Houston fẹ́ orin fún màmá wọn tó ń pé 70, ó fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́, mẹ́jọ, ó sì fi tiẹ̀ síwájú. Mo bi í pé ṣé òun ni àkọ́bí, ó ní rárá, òun ni ìkẹta, ṣùgbọ́n òun lòun ń sanwó. Mo fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n á pe ìkẹta ṣáájú ẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, ìjà nìyẹn, màmá ló sì máa parí ẹ̀. Ó gbà. Oríkì ilé wọn wá ńkọ́, kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó bá mi wá àbúrò bàbá wọn obìnrin tó dàgbà jù, màmá yẹn fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méje gbáko, ọmọ Oníkòyí ni wọ́n, ìran jagunjagun, ohùn ìyá yẹn gan-an mú mi dìde lórí àga. Oríkì ò ṣeé há sínú bíìtì, ó ní ìrìn tiẹ̀, mo ní kí producer yọ gbogbo ìlù tó kù kó fi gángan nìkan sílẹ̀ níbẹ̀, kí oríkì máa rìn bó ṣe fẹ́. Mo fi orúkọ ẹni tó sanwó sí ẹsẹ tó kẹ́yìn, mo fún un ní ìlà méjì gbọọrọ, inú ẹ̀ dùn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé. Lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni mo lọ jókòó ti òfin Copyright ti 2022, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023. Tẹ́nì kan bá gbé iṣẹ́ fún yín, tí kì í ṣe ọ̀gá tó ń san owó oṣù yín, tí kò sì sí ìwé tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí tó sọ nǹkan mìíì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ ni ẹ̀tọ́ orin wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu gbé fún ẹlòmíì, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Títí tẹ́ ẹ máa fi lọ, àti 70 ọdún lẹ́yìn ẹ̀, fún àwọn ọmọ yín. Èmi rò pé ₦30,000 yẹn ti ra orin náà tán pátápátá, olórin náà rò bẹ́ẹ̀, a ò mọ̀, àwa méjèèjì.

Mo pè é. Kò bínú, ó kàn ní, "Àbúrò mi, ṣebí mo sanwó fún ẹ." Mo ní ẹ sanwó iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi dà? Nǹkan méjì ló wà nínú orin kan. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn orin fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà fún kálukú wọn. Owó tí olórin ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a gbé orin sórí Spotify, ti ohùn sítúdíò nìyẹn. Ti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ọ̀nà ibòmíì ló ń gbà wá, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ bíi MCSN tó ń gba owó lọ́wọ́ redíò àti ilé ìtura, tí orúkọ yín àti ìpín yín ò bá sì sí lọ́dọ̀ wọn, kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ yín. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi orúkọ mi sí ibi tí wọ́n kọ "Written by" sí. Ọ̀rọ̀ ìpín la ṣì ń sọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo rí orúkọ mi níbẹ̀, mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi.

Tíwèé bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n kọ "work for hire" sínú ẹ̀. Lábẹ́ òfin tiwọn, tí iṣẹ́ bá wọ abẹ́ gbólóhùn yẹn, kì í ṣe pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ra orin o, òun gan-an lòfin máa kà sí ẹni tó kọ ọ́, bí ẹni pé ẹ ò sí níbẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn gbé ẹ̀tọ́ yín fún wọn, òfin wọn ṣì máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbà á padà lẹ́yìn 35 ọdún, work for hire ò ní ìyẹn. Mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan rí fún ìpolówó ọjà, wọ́n sanwó gidi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Orin tí mo fi ọkàn mi kọ ni mi ò lè fọwọ́ sí i fún láéláé.

Ní báyìí mo ní ìwé kan, ojú ewé kan péré, Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Ìlà kan ní "ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀", ìlà kejì ní "ẹni tó fohùn kọ ọ́", ìpín kálukú wà níwájú orúkọ ẹ̀, a máa fọwọ́ sí i, a máa ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde ní sítúdíò. Mo sì ń gba ìlàjì owó kí n tó mú bírò, torí wọ́n ti gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ mi rí, wọ́n ní kò wọ àwọn létí, mo padà gbọ́ ọ níbòmíì.

Màmá mi máa pé 70 lóṣù kẹwàá. Wọ́n ti ka orúkọ àwa ọmọ fún mi, èmi ni ìkẹta, wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ́. Mo bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì. Wọ́n ní méjèèjì. Ègbè ti wà nílẹ̀, ẹsẹ àkọ́kọ́ ló ṣì ń dà mí láàmú, ohùn orin ń wálẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí mo ti fẹ́ pe "ìyá", mi ò sì ní jẹ́ kó di "ìyà". Alẹ́ òní náà ni màá tún padà sídìí ẹ̀.