Ẹ Fi Ẹyọ Kan Ránṣẹ́, Kí Ẹ sì Sọ Ìdí

Ẹni tó bá fi orin ogún ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, lójú tèmi, kò tíì fi ìkankan ránṣẹ́. Iṣẹ́ ló gbé fún mi: kí n máa wá èyí tó ní lọ́kàn láàárín èyí tó kàn kó dà lé e lórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi orin, fíìmù àtijọ́ àti káàdì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn mi, tí àwọn náà sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ẹyọ kan ni kí ẹ mú, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni yẹn gan-an lẹ mú un fún. Àlàyé bí mo ṣe ń ṣe é ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi orin bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù láti fi ránṣẹ́, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi ṣòfò. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí kásẹ́ẹ̀tì á mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé e jáde ní 1963. Èyí tí wọ́n ń pè ní C60 kò gbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ ní ojú kan. Ẹni tó bá fẹ́ gba orin sórí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ní láti jókòó tì í, kó gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bó ti ń wọlé, kó sì máa ṣírò bóyá èyí tó kù lórí téèpù á gba òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ á ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́. Lónìí, a lè fi orin tí a kò gbọ́ dé ìdajì ránṣẹ́. Nítorí náà, mo fi òfin kan de ara mi: n kì í fi orin ránṣẹ́ bí mi ò bá gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ó rí i pé ó wúlò. Orin mìíràn wà tí ohùn rẹ̀ dùn ju oyin lọ, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì fi ṣọwọ́ sí tọkọtaya tuntun tẹ̀ríntẹ̀rín.

Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ tọ́ka sí ibì kan nínú rẹ̀. “Gbọ́ ohun tí fèrè ń ṣe nígbà tí akọrin dákẹ́, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejì.” Ẹni tí ẹ bá sọ irú èyí fún á ní ohun tó ń wá bó ṣe ń gbọ́ orin, á sì ní èsì tó fẹ́ fọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní “Ó dùn gan-an”, kí ni kó tún sọ ju “Bẹ́ẹ̀ ni” lọ?

Orin ayé àtijọ́ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Akọrin kan lè gba orin kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, pàápàá bí ó bá ti kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Orúkọ kò yí padà, akọrin kò yí padà, ṣùgbọ́n ohùn ti dàgbà, ìlù sì ti di òmíràn. Ẹni tó fi orin yẹn ṣe ìgbà èwe rẹ̀ á mọ̀ kí akọrin tó la ẹnu. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ fi irú rẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí wọn. Màmá gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.” Ni wọ́n bá fi ẹnu kọ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n mọ̀ fún wa, ìbẹ̀rẹ̀ náà kò sì jọ tọ̀hún rárá. Ọdún tí wọ́n gba orin sílẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí, bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí kíkúrú àwọn orin náà yà yín lẹ́nu. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó fẹ̀ tó ínṣì 10, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ojú kan. Akọrin ní láti sọ gbogbo ohun tó ní í sọ kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí ìgbà 33⅓ jáde, tí ojú rẹ̀ kan ń gba ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé òun kò ráàyè, orin ìgbà 78 ni mo máa ń fi ṣọwọ́ sí i. Mi ò tíì rí ẹni tí kò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Fíìmù yàtọ̀. Wákàtí méjì nínú ayé ẹlòmíràn lẹ ń tọrọ, nítorí náà ẹ tọrọ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá lè jókòó wò ó pẹ̀lú ẹni náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ dá àkókò, kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pe ara yín tí ó bá parí. Èmi kò fara mọ́ kí a máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ síra wa bí fíìmù ṣe ń lọ lọ́wọ́. Fóònù ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò.

Ẹni tí kò wo fíìmù dúdú-àti-funfun rí, ẹ má fi èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀ fún un. Àwọn fíìmù àwàdà kéékèèké wà láti ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà gan-an á rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé orúkọ àwọn òṣèré àti òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ kọjá, pé ìtàn náà kò ní tètè gbérí, kí ó ní sùúrù díẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni fíìmù rere ti ń bàjẹ́ lójú ènìyàn. Nígbà tí fíìmù kò ní ohùn, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń yí ẹ̀rọ. Òmíràn a ya àwòrán 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn a ya 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí ohùn dé ni 24 tó di òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá wá fi 24 sáré gbé èyí tí wọ́n yà ní 16 kọjá, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa ta kiri bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Àwọn kan rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣeré nígbà náà nìyẹn. Rárá o.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fífẹ̀ àwòrán. Ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ ló jẹ́ pé bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 3, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 4. Tẹlifíṣàn òde òní jẹ́ 16 sí 9. Ìdí nìyẹn tí dúdú fi máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi dúdú náà sílẹ̀! Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì kí àwòrán lè kún ojú tẹlifíṣàn á sọ gbogbo òṣèré di olójú fífẹ̀, tàbí kó gé orí wọn kúrò.

Òmíràn sì wà tí wọ́n ti gé kúrú. <i>Metropolis</i>, fíìmù Fritz Lang tó jáde ní Jámánì ní 1927, ni wọ́n gé láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi gbà pé ohun tí wọ́n gé ti lọ gbére. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹ̀dà tó gùn nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fíìmù ní Buenos Aires, ní Argentina, wọ́n sì fi tún fíìmù náà tò. Èyí tí wọ́n tún tò jáde ní 2010. Ẹni tó bá lọ wo ẹ̀dà kúkúrú, ìtàn náà kò ní já geere lójú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ó dára ni yóò sì máa wò bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀dà ni kí ẹ júwe, ẹ má dárúkọ fíìmù lásán.

Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀tọ́, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ tó de àwọn fíìmù tí wọ́n gbé jáde ní 1929 parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹnikẹ́ni sì lè pín wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tuntun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sábẹ́ fíìmù àtijọ́ lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fi línkì ránṣẹ́, ẹ má ṣe àdàkọ.

Fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, mo máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tó ń hàn nínú fíìmù aláìlóhùn sókè, mo sì máa ń yí ohùn padà fún òṣèré kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní Japan, àwọn asọ̀tàn tí wọ́n ń pè ní <i>benshi</i> ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àwòrán, tí wọ́n ń sọ ìtàn, tí wọ́n sì ń gba ẹnu àwọn òṣèré sọ̀rọ̀. Òkìkí àwọn kan nínú wọn kàn débi pé nítorí tiwọn ni èrò fi ń wá.

Nǹkan kan tún kù tí kò dùn ún sọ. Nínú àwọn fíìmù àtijọ́ kan, wọ́n fi ènìyàn aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀sín, tàbí obìnrin, tàbí àlejò, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ẹ wò ó tán fúnra yín kí ẹ tó fi lọ ẹlòmíràn, bí irú rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bá a lójijì. Fíìmù kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi tí mi ò ní fi lọ ẹnikẹ́ni, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nínú rẹ̀.

Káàdì ló kù, òun sì ni ààyò mi. Ìtàn bí káàdì Kérésìmesì títà ṣe bẹ̀rẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní London, ní 1843, lẹ́tà Kérésìmesì tí ọ̀gbẹ́ni Henry Cole ní láti fèsì sí pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó bẹ ayàwòrán John Callcott Horsley kó bá òun ya ẹyọ kan, wọ́n sì tẹ nǹkan bí 1,000 jáde. Ọ̀rọ̀ ìkíni ti wà lára rẹ̀. Orúkọ ló kù kí a kọ sí i. Kí a má baà kọ̀wé púpọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe káàdì náà! Nítorí náà, ẹni tó bá fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ gé bébà, tó lẹ̀ ẹ́, tó kùn ún, tó wá kọ “Ẹ kú ọjọ́ ìbí o” nìkan sínú rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Cole ló ṣì ń bá ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo máa ń kọ ni nǹkan kan tí ẹni náà sọ tàbí tó ṣe, tó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé. Fún ọ̀rẹ́ mi kan, mo kọ ọ́ pé: “Ìwọ lo ní kí n má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, lọ́jọ́ tí òjò lé wa wọ abẹ́ òrùlé olórùlé. Mo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ tó lẹ ohunkóhun síwájú káàdì. Bí ẹ bá ṣìkọ, bébà lásán lẹ jù nù.

Bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80 ní mítà onígun mẹ́rin kan, kò lè dúró. Ẹ wá èyí tó wà láàárín 200 sí 300. Bí ẹ bá gé A4 kan sí méjì, tí ẹ ká ìdajì kọ̀ọ̀kan, ẹ ti ní káàdì A6 méjì, mìlímítà 105 sí 148, tí yóò wọ inú àpòòwé C6 wẹ́kú. Kí ẹ tó ká a, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní òró, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìbú: ìhà tí kò bá bá yín jà ni fọ́nrán inú bébà gbà lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń ká dáadáa. Ẹ wá fi rúlà dì í mú, kí ẹ fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ ká. Láìsí ìlà yìí, bébà tó nípọn á la, pàápàá èyí tó ní àwọ̀. Gọ́ọ̀mù olómi máa ń mú bébà wú. Díẹ̀ ni kí ẹ fi, tàbí kí ẹ lo téèpù olójú méjì. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ kò mọ àwòrán yà. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo máa ń gé bébà aláwọ̀ méjì sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ń tò wọ́n léra, ó tán. Bí ẹ ó bá fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ yẹra fún káàdì tí òró àti ìbú rẹ̀ dọ́gba, àti èyí tí bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ mú kó ga: ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, owó tí wọ́n ń gbà lórí irú wọn ju ti káàdì yòókù lọ, nítorí ẹ̀rọ wọn kò lè tò wọ́n.

Ẹ̀yìn káàdì yìí ni mo ń kọ orin tàbí fíìmù náà sí: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ọdún tó jáde, àti ibi tí mo fẹ́ kí ó kíyè sí. Èmi kì í lẹ àmì QR mọ́ ọn. Línkì lè kú kí ọdún tó yí po, ṣùgbọ́n ẹni tó ní orúkọ àti ọdún lọ́wọ́ á tún rí orin náà wá.

Àwọn náà á fi tiwọn ránṣẹ́ padà, kò sì ní jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó fẹ́ràn. Orin tí àbúrò mi ọkùnrin máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, ìlù rẹ̀ ń lù mí lágbárí. Mo ń gbọ́ ọ tán, mo sì ń sọ ibi tó ti sú mi fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀, ẹ ṣáà ti gbọ́ ọ dé ibi tí gìtá ti wọlé.” Ó máa ń bi mí léèrè nípa gìtá náà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ.